Tí wọ́n bá "kíto" ọmọ yín l'Ékòó, ẹ má tíì sanwó

Ìyá kan ló wá bá mi lówùúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mi ò tíì ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì tán, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ó so owó mọ́ etí ìró, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀ rárá. Ó ní, "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ìwé ilẹ̀ mi tó wà n'Ígbẹ́ba, lónìí ni mo fẹ́ tà á." Mo ní Mà, kí ló dé tó fi jẹ́ lónìí? Ló bá bú sẹ́kún.

Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Orí app kan ló ti pàdé ẹnìkan, wọ́n ti jọ ń chat fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, onítọ̀hún wá ní kó wá kí òun nílé. Ìgbà tó débẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin ló bá. Wọ́n lù ú, wọ́n bọ́ ọ síhòòhò, wọ́n ń ká a sí fídíò, wọ́n fi tipátipá gba páásíwọ́ọ̀dù fóònù lẹ́nu ẹ̀, wọ́n sì tíránsífà gbogbo owó tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀. Wọ́n wá wá ibi tó ti kọ "Màámi" sórí fóònù, wọ́n pe ìyá náà, wọ́n ní kó san ₦400,000 àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fídíò yẹn á dé ọwọ́ gbogbo ìjọ ẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti san kó tó wá bá mi, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló fẹ́ tìtorí ẹ̀ ta ilẹ̀.

Àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní orúkọ fún nǹkan yìí, kíto ni wọ́n ń pè é. "Wọ́n ti kíto mi." Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí mọ ọ̀rọ̀ náà, torí tí ọmọ yín bá fi ẹkún sọ ọ́ fún yín lórí fóònù, ẹ máa mọ̀ pé wọ́n ti dá a lọ́nà ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá náà ni pé kó tú owó yẹn, kó dá a padà sínú báàgì. Ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́ á tún padà wá, torí ó ti rí i pé ẹ̀rù ń bà yín, fídíò náà ò sì ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹ bá san mílíọ̀nù kan. Mo ní kó má pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn, wọ́n á yára delete gbogbo chat, bẹ́ẹ̀ ohun tí a ó fi mú wọn nìyẹn, nọ́ńbà tí wọ́n fi pè, nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sanwó sí, alẹ́ẹ̀tì, ohùn wọn tí wọ́n fi ránṣẹ́. Àkáǹtì lórúkọ, orúkọ ní BVN. Kẹ́ ẹ pe báǹkì kíákíá, ní wákàtí yẹn gan-an. Kí ọmọ sì lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tọ́jú ẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí lára ẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá bi mí pé, "Àmọ́ Lọ́yà, ṣé kì í ṣe ọmọ mi lòfin máa mú?" Ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń bi mí nìyẹn, ìbéèrè yẹn náà sì làwọn ọ̀daràn ń rí jẹ.

Mi ò ní parọ́ fún yín, òfin le. Ọjọ́ 7 oṣù January 2014 ni ààrẹ Jonathan buwọ́ lu òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀. Ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ń kópa níbẹ̀, tàbí tí wọ́n ń fìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ọdún 10. Kí òfin yẹn tó dé rárá, Criminal Code ti wà láti ayé òyìnbó, section 214 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Tèmi ni pé òfin tó ń ti ọmọ ọlọ́mọ sínú òkùnkùn báyìí ò dáa, mo sì ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n bá ti bi mí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí kò sí nínú òfin náà. Kò sí ibi tó ti sọ pé bí ọmọ ṣe rí nínú ọkàn ẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn. Kò sí ibi tó ti ní kí ìyá tàbí lańlọ́ọ̀dù lọ fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti lu èèyàn tàbí gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin yẹn gan-an lòfin ń wá: Cybercrimes Act ti 2015, section 24, ní ẹni tó bá fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà halẹ̀ mọ́ èèyàn pé òun á bà á lórúkọ jẹ́, tàbí pé òun á fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn án, torí kó lè gbowó, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 tàbí fáìnì tí ò gbọ́dọ̀ dín ní ₦15 mílíọ̀nù, tàbí méjèèjì. Ẹ fi lílù àti olè jíjà kún un.

Torí náà tí a bá ń kọ pẹ̀tísàn, ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ yẹn la máa kọ, wọ́n lù ú, wọ́n jà á lólè, wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ìyá ẹ̀. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ sí ò sí nínú ẹ̀sùn, kò sì sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ sí téṣàn, kí lọ́yà tẹ̀ lé e. Mo ti rí i ní téṣàn kan l'Ékòó tí ọmọ lọ fẹjọ́ sùn tí wọ́n tì í mọ́ sẹ́ẹ̀lì dípò àwọn tó lù ú, ọjọ́ mẹ́rin ló lò kí àwọn ẹbí ẹ̀ tó mọ ibi tó wà, inú ṣì ń bí mi títí dòní. Ẹni tí ò bá lówó lọ́yà, Legal Aid Council wà fún un.

Tó bá wá jẹ́ ọlọ́pàá ló mú un, bóyá wọ́n dá ọkọ̀ dúró ní Interchange Ṣágámù tí wọ́n ní kó mú fóònù wá, òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní section 37 dáàbò bo ilé àti fóònù ẹni, àmọ́ kó má bá ẹni tó gbé ìbọn jà lójú títì. Kó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀, kó wo orúkọ tó wà láyà wọn, kó pe ẹnìkan. Ní téṣàn, section 35 fún un láṣẹ láti dákẹ́ títí lọ́yà á fi dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, kóòtù ò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa níbí. Bélì ọ̀fẹ́ ni. Obìnrin lè ṣe onídùúró, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ mú ọkọ yín wá.

Ẹ rántí ti Ẹ̀gbẹ́dá. August 2018, ọlọ́pàá ya wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ l'Ékòó, wọ́n kó ọkùnrin 57, àwọn ọmọ náà ní ọjọ́ìbí làwọn wá ṣe. Wọ́n gbé 47 lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ náà wà ńlẹ̀ títí di October 2020, ìjọba ò rí ẹlẹ́rìí tó yẹ mú wá, adájọ́ bá lé ẹjọ́ náà dànù. Ẹnikẹ́ni ò jẹ̀bi. Àmọ́ wọ́n ti kó wọn jáde fún àwọn oníròyìn, gbogbo ayé ti rí ojú wọn, ẹlòmíì pàdánù iṣẹ́, ẹlòmíì pàdánù ilé. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ ọ́ pé ilé ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ rí sá sí.

Ìyá yẹn ò ta ilẹ̀ mọ́. A kọ ìwé sí báǹkì, a kọ pẹ̀tísàn, mo fi ọwọ́ ara mi dì í. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹ̀, Iléyá ti ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ti yan aṣọ Ojúde Ọba, ọmọ sì ti ní òun ò ní wálé, ojú ń ti òun. "Kí ni kí n sọ fún un?" Mo ní Mà, èyí ò sí nínú ìwé òfin, àmọ́ ẹ pè é báyìí, níwájú mi. Ó pè é. Ọmọ náà gbé e, ó ní "Màámi", ó dákẹ́. Ìyá náà ní, "Ṣé o ti jẹun? Ojú tí wọ́n lù ńkọ́, ṣó ti ń wálẹ̀?"