Ibi Tí Ọkọ̀ Agbébàálù Ti Ṣẹ̀ Wá, àti Ohun Tó Pààlà fún Ìtóbi Rẹ̀

Àwa ará Ọ̀kun, tí ọ̀nà Kàbà ń gbé wá sétí Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà, ó yẹ ká mọ̀ ju ẹlòmíì lọ pé ibi tí ọkọ̀ máa gbà ló ń sọ bó ṣe máa tóbi tó. Lọ́dún 1857, ọkọ̀ Dayspring tó gbé Baikie, òyìnbó arìnrìn-àjò ará Gẹ̀ẹ́sì, àti Àjàyí Crowther fọ́ mọ́ àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Baikie fi Lọ́kọ́jà ṣe ibùjókòó. Ojú yìí ni mo fi ń wo ìtàn ọkọ̀ agbébàálù.

Eugene Ely, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi bàálù gbéra lórí ọkọ̀ ogun, lóṣù kọkànlá ọdún 1910. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1911, ó balẹ̀ sórí ọkọ̀ Pennsylvania. Wọ́n ti to pákó sẹ́yìn ọkọ̀ náà, wọ́n ta okùn dábùú rẹ̀, wọ́n sì so àpò yanrìn mọ́ orí okùn kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún lósì. Ìkọ́ abẹ́ bàálù fo àwọn okùn ìṣáájú, kó tó há èyí tó kù. Yanrìn fà á títí ó fi dúró. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bí ọkọ̀ agbébàálù, torí okùn náà ni wọ́n ṣì ń ta dòní, àfi pé ó ti di onírin.

Àwọn kan ní Edwin Dunning, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí pé ọkọ̀ Furious tó balẹ̀ sí lóṣù kẹjọ ọdún 1917 ń rìn lọ́wọ́. Akin ni lóòótọ́, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ló sì kú níbi tó ti ń tún un dán wò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi di bàálù náà mú. Kò sí okùn ńbẹ̀. Lọ́dún 1918, ọkọ̀ Argus dé, orí rẹ̀ tẹ́jú láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Wọ́n tún ní àdéhùn Washington ọdún 1922, tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣe lórí ọkọ̀ ogun, ló fi ìtóbi ọkọ̀ agbébàálù mọ sí tọ́ọ̀nù 27,000. Àdéhùn yẹn ti kú tipẹ́. Ẹnu ọ̀nà omi Panama, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 110 nígbà náà, ṣì wà ńbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n kan àwọn ọkọ̀ Essex ti Amẹ́ríkà kí wọ́n lè gbà á kọjá, ọkọ̀ Midway ọdún 1945 kò sì lè gbà á. Ibi tí wọ́n ti kan ọkọ̀ Charles de Gaulle ti Faransé ní Brest ló pààlà fún un. Orí rẹ̀ kúrú fún bàálù Hawkeye, wọ́n ní láti fi mítà 4.4 kún un. Ti Amẹ́ríkà ìsinsìnyí tó tọ́ọ̀nù 100,000, ilé ìkànkọ̀ Newport News nìkan ni wọ́n sì ti ń kàn án.