Ṣé Ikú Gaddafi Ló Dá Ogun Màlì Sílẹ̀?

Bí ọ̀rọ̀ ogun Màlì bá délẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé: “Ṣebí wọ́n pa Gaddafi ni, tí ìbọn rẹ̀ fọ́n káàkiri aṣálẹ̀.” Òótọ́ ni pé ìbọn wá láti Líbíyà, ilẹ̀ tí Gaddafi ṣàkóso. Àmọ́ Màlì ò bá Líbíyà pààlà rárá. Niger ló bá a pààlà. Àwọn Tuareg, ẹ̀yà darandaran inú aṣálẹ̀, wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà ṣiṣẹ́ ogun fún Gaddafi, wọ́n sì padà sílé lọ́dún 2011. Kí ló dé tí ọ̀tẹ̀ ò bẹ́ sílẹ̀ ní Niger lọ́dún 2012 bíi ti Màlì?

Ìjọba Niger gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2011 náà, wọ́n ti fi Brigi Rafini, ọmọ Tuareg, ṣe olórí ìjọba. Kì í ṣe pé Niger ò lẹ́bi o. Àwọn Tuareg ibẹ̀ ṣọ̀tẹ̀ láàárín 2007 sí 2009. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́gbọ́n. Màlì ní tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wọlé tìbọn-tìbọn.

Ọdún 1963 ni àwọn Tuareg Kidal, ní àríwá Màlì, kọ́kọ́ gbógun ti ìjọba Màlì. Gaddafi ò tíì gorí àlééfà nígbà náà, ó di 1969. Àwọn ọmọ ogun Modibo Keïta, ààrẹ Màlì nígbà náà, ba kànga wọn jẹ́, wọ́n sì pa ẹran ọ̀sìn wọn. Nígbà tó yá, ọ̀dá ọdún 1970 sí 1980 ó lé díẹ̀ pa màlúù àti ràkúnmí tó ṣẹ́ kù, àwọn ọ̀dọ́ bá kọrí sí Àlgéríà àti Líbíyà. Ebi ló lé wọn dé ọ̀dọ̀ Gaddafi.

Lóṣù Kẹfà ọdún 1990, Iyad Ag Ghali, olórí ọlọ̀tẹ̀ Tuareg, kó àwọn tó padà dé láti Líbíyà lẹ́yìn, wọ́n kọlu ìlú Ménaka ní Màlì. Àdéhùn tẹ̀ lé àdéhùn. Lóṣù Kẹta ọdún 1996, wọ́n kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìbọn jọ ní Timbuktu, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n kọ́ ọwọ̀n ìrántí síbẹ̀, wọ́n sì ri àjókù ìbọn mọ́ inú sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ó dùn mí pé ohun tí wọ́n ṣèlérí níwájú iná yẹn, ilé ìwé, iṣẹ́, ọ̀nà, àgbára láti ṣàkóso ara wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ò dé Kidal. Gaddafi kọ́ ló da àdéhùn yẹn.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ajagun-ẹ̀sìn. Ogun abẹ́lé Àlgéríà ní 1991 sí 2002 ni àwọn kan nínú wọn ti ṣẹ̀ wá. Lóṣù Kẹrin ọdún 2012, MNLA, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ Tuareg, kéde òmìnira Azawad, ìyẹn àríwá Màlì. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, àwọn ajagun-ẹ̀sìn wọ̀nyí ti lé wọn kúrò ní ìlú Gao. Iyad yẹn kan náà ló sì jẹ́ olórí Ansar Dine, ọ̀kan nínú wọn.

Lóṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba ológun Màlì ní Bamako kéde pé àdéhùn àlàáfíà tí ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ Tuareg ṣe lọ́dún 2015 ti parí. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, àwọn Tuareg àti ọmọ ogun ìjọba tún ti kojú ara wọn ní Tinzaouaten, lẹ́bàá ààlà Àlgéríà.