Ìpele ìtura: ohun tó bo latex lórí

Fóòmù ni gbogbo wa ń pe ohun tí a ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ì báà jẹ́ oje igi ni wọ́n fi ṣe é, ì báà jẹ́ epo rọ̀bì. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ló ń da ọ̀rọ̀ rú lọ́jà. Ẹ lè ra èyí tí wọ́n kọ "latex" (ìyẹn fóòmù oje igi) gàdàgbà sí lára, kó jẹ́ pé orí nǹkan mìíràn lẹ ń sùn.

Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ wò. Latex ló wà nísàlẹ̀, òun ló ń gbé ara ró. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń tẹ́ fóòmù polyurethane, ìyẹn fóòmù elépo rọ̀bì tó wọ́pọ̀, tàbí memory foam, èyí tó máa ń rọra rì bí ara bá tẹ̀ ẹ́, lé e lórí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 7. Èyí ni ìpele ìtura, torí òun ni ara ń kọ́kọ́ kàn.

Oje funfun igi rọ́bà ni ojúlówó latex. Wọ́n á pò ó títí yóò fi hó bí ọṣẹ, wọ́n á dà á sí mọ́ọ̀dù, wọ́n á sì fi ooru sè é. Ilé iṣẹ́ Dunlop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ èyí ní 1929. Ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́, ẹ yọ ọwọ́: ó ti dìde. Memory foam kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọwọ́ yín á ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ooru ara ló sì ń mú un rọ̀. Nínú yàrá tí kò sí iná láti fi tan fáànù, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibi tó ti ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé ẹni méjì lè sùn lórí ẹyọ kan náà, kí wọ́n má sì sọ ohun kan náà nípa rẹ̀. Ẹni tó sanra á tẹ fóòmù òkè títí á fi kan latex, á ní ó le díẹ̀. Ẹni tó fẹ́lẹ́ lè máà kan latex láéláé.

Nígbà tó bá wá jìn kòtò níbi ìbàdí, latex ni wọ́n máa ń bú. Ṣùgbọ́n òkè ló ń jìyà jù: òun ló ń fún pọ̀ jù lálaalẹ́, òun ni ooru àti òógùn ń bá. Afẹ́fẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú fóòmù olówó pọ́ọ́kú. Mítà kúbíìkì kan rẹ̀ (mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga) lè má ju kílò 20 sí 25 lọ, nígbà tí ti latex sábà máa ń ju 60 lọ. Ògiri ihò rẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ kú. Fóòmù tó wúwo dáadáa á pẹ́ ju ìyẹn lọ, èyí tó sì tín-ín-rín lórí latex kò ní ibi púpọ̀ tó lè jìn sí.

Kí ẹ tó sọ ọ́ nù, ẹ ká ìpele òkè kúrò, ẹ gbé igi gbọọrọ lé latex lórí. Bó bá tẹ́jú, òkè nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn èyí tó ní síìpù. Èyí tí wọ́n fi gáàmù lẹ̀ pọ̀, ó ṣòro láti yà láìfà á ya.

Bí ọmọ bá sì tọ̀ sí i, ẹ má sá latex sóòrùn bí a ti ń sá fóòmù. Oòrùn máa ń mú un gan, á sì máa rún wómúwómú. Ibòji tí atẹ́gùn wà ni kí ẹ gbé e sí.