“Ọmọ tuntun ò mọ ìrora”: ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Bí a bá fẹ́ dábẹ́ fún ọmọkùnrin nílẹ̀ wa, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé: “Ẹ tètè ṣe é, nísinsìnyí tí kò tíì mọ ìrora.” Ọmọ á ké títí ohùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ há, wọ́n á fi ọyàn sí i lẹ́nu, á sì sùn lọ fọnfọn. Oorun yẹn ni wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: ṣé ẹni tí nǹkan ń dùn ló ń sùn? Àárẹ̀ ni, kì í ṣe àlàáfíà. Ẹ má sì tíì dá olóòlà tàbí ìyá àgbà lẹ́bi, torí ọ̀pọ̀ dókítà náà gbà bẹ́ẹ̀ fọ́dún gbọọrọ.

Ní 1985, ní ìlú Washington l'Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ nítòsí ọkàn fún Jeffrey Lawson, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i. Oògùn tó ń rọ iṣan nìkan ni wọ́n fún un. Kò lè mira, kò lè ké, kò sì sí ohun tó dí ìrora. Ó kú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ wádìí ló tó mọ̀, ó sì pariwo títí ìwé ìròyìn fi gbé e ní 1986.

Kí ni àwọn dókítà ń wí nígbà náà? Wọ́n ní ọ̀rá tó ń bo fọ́nrán ìmọ̀lára kò tíì pé lára ọmọ tuntun, nítorí náà ìrora kò lè dé ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀, lára àgbàlagbà pàápàá, fọ́nrán tí kò ní ìbòrí wà lára àwọn tó ń gbé ìrora. Ẹ̀rù oògùn tún ń bà wọ́n, ìyẹn sì nídìí: ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ tuntun kì í tètè mú oògùn kúrò lára, èémí rẹ̀ sì lè dúró lójijì. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyẹn ń fẹ́ ni oògùn tí wọ́n fi ìwúwo ọmọ wọ̀n, àti ẹni tó mọṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Ní 1987, Kanwaljeet Anand àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé tí wọ́n fi fentanyl, oògùn apàrora líle kan, kún oògùn wọn kò ní wàhálà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó àwọn tí kò gbà á.

Ó ku “kò sáà ní rántí.” Ní Kánádà, ìwádìí kan tó jáde ní 1997 wo àwọn ọmọkùnrin tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Àwọn tí wọ́n dábẹ́ fún láìsí oògùn ni ìrora hàn lára wọn jù, ju àwọn tí wọ́n fi ìpara apàrora sí ojú ibẹ̀ fún nígbà ìdábẹ́ lọ.

Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún sí ìdí okó, tó ń pa ojú ibẹ̀ kú kí ọ̀bẹ tó dé. Omi ṣúgà lórí ahọ́n ń ran ọmọ lọ́wọ́ bí wọ́n bá ń gún un lábẹ́rẹ́ lásán, kò tó fún ìdábẹ́. Parasitámọ́ọ̀lù nìkan náà kò tó. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣe é pé kí ló fẹ́ fi pa ojú ibẹ̀. Bó bá ní ọmọ kò nílò rẹ̀, ẹ gbé ọmọ yín lọ síbòmíràn.