Ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ kíkọ́ àti àtúnṣe ilé-ìwé

Ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀nà tí olùkọ́ ń gbà kọ́ni wò, tí wọ́n ti ń wo ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń yé ọmọ tàbí tí kò fi yé e, tí wọ́n sì ń wádìí ohun tó yẹ kí ìjọba yí padà nínú ètò ilé-ìwé. Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé, àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn olùkọ́ fúnra wọn ló ń ṣe é. Ìbéèrè tó le jù nínú iṣẹ́ wọn ni bóyá ohun tó yọrí sí rere ní ilé-ìwé díẹ̀ yóò ṣì yọrí sí rere bí wọ́n bá gbé e kárí.

Ìrántí àti ìgbàgbé

Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí ìrántí, ara rẹ̀ ló sì fi ṣe ìwádìí náà. Ó ṣẹ̀dá àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ kankan, ó kọ́ wọn sórí, ó sì ń wo bí yóò ti pẹ́ tó kó tó tún lè kà wọ́n lórí lẹ́yìn wákàtí, ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó rí i pé kíá ni ohun téèyàn kọ́ sórí máa ń sá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, pé ìgbàgbé náà máa ń falẹ̀ bó bá yá, àti pé ohun téèyàn pín kíkọ́ rẹ̀ sí ọjọ́ púpọ̀ máa ń pẹ́ lórí ju èyí tó rọ́ sórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ.

Joseph Mayer Rice, dókítà ará Amẹ́ríkà, gba inú kíláàsì wọlé ní tirẹ̀. Ó dán sípẹ́lì àwọn ọmọ ilé-ìwé tó lé ní 30,000 wò, èsì tó sì gbé jáde ní ọdún 1897 ni pé àwọn ọmọ tó ń fi àkókò gígùn kọ́ sípẹ́lì lójoojúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń fi ìṣẹ́jú 15 kọ́ ọ lọ.

Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, padà sórí ọ̀rọ̀ ìrántí ní ọdún 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà kúkurú. Àwọn kan tún un kà. Àwọn yòókù pa á dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí nínú rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló ṣáájú, wọ́n rántí 81 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn kejì rántí 75. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé rántí 56, àwọn tó tún un kà kò rántí ju 42 lọ. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí, nítorí àkàtúnkà máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti wọlé nígbà tí kò tíì jókòó.

Iye ọmọ nínú kíláàsì

Ìwádìí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni STAR, tí ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1985. Ilé-ìwé 79 ló kópa, àwọn ọmọ tó sì gba inú rẹ̀ kọjá láàárín ọdún mẹ́rin lé ní 11,000. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti pín àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́ sí kíláàsì kékeré tó ní ọmọ 13 sí 17, kíláàsì tó ní ọmọ 22 sí 25, àti kíláàsì ńlá mìíràn tí olùkọ́ ibẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́. Gègé yẹn ni agbára ìwádìí náà. Bí wọ́n bá ní kí òbí yàn fúnra rẹ̀, àwọn òbí tí kò fi ẹ̀kọ́ ọmọ wọn ṣeré ni ìbá sáré gba kíláàsì kékeré, kò sì sí ẹni tí ìbá mọ̀ bóyá kíláàsì ló ran ọmọ lọ́wọ́ tàbí ilé tó ti wá. Àwọn ọmọ inú kíláàsì kékeré mọ ìwé kíkà àti ìṣirò ju àwọn yòókù lọ, èrè náà sì pọ̀ jù lára àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ tálákà. Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ kò mú ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ wá.

Ní ọdún 1996, ìpínlẹ̀ California náà pinnu láti dín kíláàsì àwọn ọmọ kékeré kù sí ọmọ 20, kíákíá, ní ibi gbogbo. Kíláàsì tó bá pọ̀ sí i ń fẹ́ olùkọ́ tó pọ̀ sí i. Àwọn ilé-ìwé gba ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò tíì ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sọ iyàrá tí wọ́n ń lò fún nǹkan mìíràn di kíláàsì, ìṣòro náà sì wúwo jù fún ilé-ìwé àwọn tálákà. Àwọn tó yẹ ètò náà wò kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ó mú irú èrè ti Tennessee wá. Iye ọmọ inú kíláàsì ni California mú lò. Olùkọ́ tó kájú ìwọ̀n, tí kò wọ́n ní Tennessee, kò bá a dé ibẹ̀.

Ipele tí ọmọ wà

Ní ìgbèríko Kẹ́ńyà, Michael Kremer, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wo ohun tí ìwé ọ̀fẹ́ ń ṣe fún ọmọ. Àwọn tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ nìkan ni máàkì wọn gòkè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé náà, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì lè kà wọ́n. Ní Íńdíà, Pratham, ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò síṣẹ́ ní ìlú Mumbai àti Vadodara, wọ́n ń mú àwọn ọmọ tó ti rẹ̀yìn jáde fún bíi wákàtí méjì lójúmọ́ láti kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti ìṣirò láti ìpìlẹ̀. Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn èsì rẹ̀, máàkì àwọn ọmọ náà sì gòkè. Láti ibẹ̀ ni ìlànà pípín ọmọ gẹ́gẹ́ bí ohun tó mọ̀, láìwo ọjọ́ orí rẹ̀, ti gbilẹ̀. Banerjee, Duflo àti Kremer jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní ọdún 2019.

Ìwádìí Ifẹ̀, tí Babs Fafunwa darí láti ọdún 1970, wo ọ̀rọ̀ èdè. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan fún odindi ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí olùwádìí

Ní Japan, àwọn olùkọ́ ló ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ ara wọn. Wọ́n á jọ gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á kọ́ ọ, àwọn tó kù á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń wò: ibi tí ọmọ ti dá kíkọ dúró, ohun tó pa rẹ́, ohun tó sọ sí ẹni tó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó, wọ́n á tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, nígbà mìíràn olùkọ́ mìíràn á sì gbé e lọ sí kíláàsì tirẹ̀.