Ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní agbègbè Àjàṣẹ́

Ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni ìpele kẹta, tó sì ga jù lọ, nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu tàbí Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wá sábà máa ń forúkọ sílẹ̀ fún un ní Yunifásítì Abomey-Calavi (UAC), lẹ́bàá Kùtọnu, tàbí ní Yunifásítì Parakou. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí yóò fi ṣe ìwádìí wà nílé: ìwé àtijọ́ ìjọba tó wà ní Àjàṣẹ́, ẹnubodè Nàìjíríà, àti ọjà ọrọọrún.

Ìlànà ẹ̀kọ́

Ọdún 1970 ni wọ́n dá UAC sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Dahomey (orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà). Orúkọ tó ń jẹ́ lónìí dé ní 2001, nígbà tí wọ́n dá ti Parakou sílẹ̀. Ẹ̀ka FASEG ló ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀ ajé níbẹ̀. Lábẹ́ ètò oyè onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní LMD, tí UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń ná CFA, fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2007, ọdún 3 ni Licence (oyè àkọ́kọ́), ọdún 2 ni Master (oyè kejì), ọdún 3 sì ni ti ọ̀mọ̀wé. Kí ètò yìí tó dé, DEA, oyè ìmúrasílẹ̀ fún ìwádìí, ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Ètò PTCI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 tó sì fi Ouagadougou ṣe ibùjókòó, kó àwọn yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ èdè Faransé jọ láti kọ́ DEA yìí pa pọ̀. Ọdún 3 ti ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé kì í sábà tó fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó dátà jọ.

Ọ̀nà mìíràn ni ti AERC, àjọ ìwádìí ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nairobi ní 1988. Ètò oyè ọ̀mọ̀wé alájọṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì, á kọ́ nípa ìṣesí oníbàárà àti iléeṣẹ́, nípa ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè lódindi àti nípa ìṣirò, á ṣe ìdánwò, á lọ gba ẹ̀kọ́ àṣàyàn ní Nairobi, kó tó wá kọ àpilẹ̀kọ. Yaoundé II wà nínú rẹ̀, Ìbàdàn náà sì wà níbẹ̀. Ìbàdàn kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀ ló jẹ́ ìdènà fún ẹni tó fi Faransé kàwé.

Ní Abomey-Calavi kan náà, Léonard Wantchékon, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ Bẹ̀nẹ̀, dá African School of Economics sílẹ̀ ní 2014. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni.

Owó

Ọ̀dọ̀ ìjọba ni owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ń wá, pẹ̀lú AUF (àjọ àwọn yunifásítì tó ń lo èdè Faransé), AERC àti àwọn iléeṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ òkèèrè. BCEAO, ilé ìfowópamọ́ àgbà àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA, ní ẹ̀bùn ìwádìí tó ń jẹ́ Prix Abdoulaye Fadiga. Ohun tí owó wọ̀nyí kì í sábà bo tán ni ìnáwó orí pápá: ọkọ̀, oúnjẹ àti owó iṣẹ́ àwọn tó ń béèrè ìbéèrè.

Ohun èlò àti ibi ìwádìí

Archives Nationales, ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ìjọba pamọ́ sí láti 1914, wà ní Àjàṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè náà ṣe wà níbẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n fi to ìwé ìgbà amúnisìn: Q dúró fún ọrọ̀ ajé, R fún iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ẹni tó ń wá ìtàn epo pupa, ìyẹn ọjà tó gbé Àjàṣẹ́ ró nígbà náà, níláti ka méjèèjì. Ìwádìí tí Wantchékon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ̀ jáde ní 2015 tọpa àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ amúnisìn ní Bẹ̀nẹ̀. Ó fi hàn pé ìwé tí àwọn díẹ̀ kà ṣe abúlé wọn láǹfààní, títí kan ìran àwọn tí kò kà á.

Fún dátà òde òní, INStaD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kó ìṣirò orílẹ̀-èdè jọ, tí wọ́n ń pè ní INSAE tẹ́lẹ̀, ni ibi àkọ́kọ́. Ìkànìyàn 2013 fún Àjàṣẹ́ ní ènìyàn 264,320, Kétu 157,352, Ṣábẹ̀ 87,177. Iléeṣẹ́ yìí tún rán àwọn òṣìṣẹ́ sí ẹnubodè fún ọjọ́ 10 ní oṣù Kẹsàn-án 2011, kí wọ́n máa ka ọjà tí ìwé aṣọ́bodè kì í mú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò púpọ̀: nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ 2019 sí oṣù Kejìlá 2020, ohun tí kò sí nínú ìwé ni ó kọ́kọ́ dun àwọn ará ìlú ẹnubodè Ìgòlò àti Ìlárá.

Ètò Research4Life ń jẹ́ kí yunifásítì Bẹ̀nẹ̀ ka ọ̀pọ̀ jọ́nà láìsanwó, R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní Dangbo, nítòsí Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ IMSP ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò láti 1988. Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ti bẹ̀rẹ̀ ní Kétu ní 2013.

Ọjà àti èdè

Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà Adjarra, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, ń yí. Ẹni tó bá ń lọ gba iye owó ní gbogbo ọjọ́ Ajé yóò bá ọjà lọ́jọ́ kan, yóò bá pápá òfìfo lọ́jọ́ mìíràn. Òṣùwọ̀n náà níláti gba àfiyèsí. Iye owó abọ́ àgbàdo kan lè wà bákan náà fún oṣù mẹ́ta, kó jẹ́ pé òkìtì orí rẹ̀ ni ìyá ọlọ́jà ń dín kù. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ á da ohun inú abọ́ sórí ìwọ̀n, á kọ gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀, á sì dá a padà fún un.

Faransé ni wọ́n fi ń kọ àpilẹ̀kọ, ṣùgbọ́n Yorùbá tàbí Gùn ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti sábà ń wọlé. "Tontine" ni Faransé ń pe èésú, tí ẹgbẹ́ ń kó fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà ló sì ń pe àjọ, tí alájọ ń gbà lójoojúmọ́, tó sì ń dá owó oníkálukú padà fún un lópin oṣù lẹ́yìn tó bá mú ti ọjọ́ kan. Nínú èésú, ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti jẹ gbèsè. Nínú àjọ, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì rẹ̀ ní gbèsè, àfi alájọ.