Àkọsílẹ̀ gbangba ni, kì í ṣe orísun ṣíṣí

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbìyànjú láti fi Linux, ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe, sórí láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ti bá ọ̀rọ̀ kan pàdé kí iṣẹ́ náà tó dé ìdajì, ìyẹn ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní open source. Ìtumọ̀ tí mo ń rí fún un lemọ́lemọ́ lọ́wọ́ àwa tí a ń kọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ ni “orísun ṣíṣí”, ó sì ń bí mi nínú, nítorí pé ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ kò lè rí ohunkóhun dì mú nínú rẹ̀, ẹni tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ wo ọ̀rọ̀ méjì inú ìwé atúmọ̀-èdè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò wọ́n síra bí ẹni to bíríkì láìpo sìmẹ́ǹtì.

Orísun ni ibi tí omi ti ń sun jáde. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé orísun kan ṣí, odò wo ni yóò kọ́kọ́ bi mí. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò sọ̀rọ̀ odò rárá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí ni ohun tí ọwọ́ ènìyàn kọ, ní èdè tí ènìyàn lè kà, kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di èyí tí ẹ̀rọ nìkan ń lò. Àkọsílẹ̀ nìyẹn. “Ṣíṣí” sì tún ní wàhálà tirẹ̀. A ń ṣí ilẹ̀kùn, a ń ṣí ìdérí ìkòkò, ṣùgbọ́n a tún ń ṣí kúrò nílùú kan lọ sí òmíràn, ẹni tó bá sì ka “orísun ṣíṣí” láìsí aláàlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè rò pé odò ló ń ṣí lọ.

Kí n tó bá àwọn yòókù jiyàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́. Ìyá kan ń ta àgbo ibà nínú ìgò. Ẹ rà á, ẹ mu ún, ara yín yá, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ewé tó wà níbẹ̀, ẹ kò sì lè tẹjú mọ́ omi inú ìgò kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá korò jù fún ọmọ yín, tàbí bí ìyá náà bá kó kúrò ní àdúgbò, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i mọ́. Ìyá kejì ń ta àgbo tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ ìwé mọ́ ara ìgò: dóńgóyárò báyìí, ewé tíì báyìí, èèpo ọ̀pẹ òyìnbó báyìí, àti iye ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná. Ó ní kí ẹ lọ sè é nínú ìkòkò tiyín, kí ẹ dín dóńgóyárò kù bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ tilẹ̀ máa tà á. Ohun kan ṣoṣo tí ó bẹ̀ yín ni pé ìgò tí ẹ bá tà fún ẹlòmíràn, kí ìwé yín náà wà lára rẹ̀. Omi inú ìgò ni ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yín. Ìwé ara ìgò ni àkọsílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni ìwé àṣẹ tí a mọ̀ sí GPL, tí Richard Stallman, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989. Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland nígbà tí ó kéde Linux ní oṣù kẹjọ 1991, ló sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ ìwé àṣẹ náà ní 1992. Àwọn ìwé àṣẹ mìíràn wà tí kò béèrè ohun tí GPL ń béèrè, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí ohun tí orúkọ yẹ kó jẹ́ padà.

Àwọn kan ń sọ pé kí a kúkú pè é ní “ètò ọ̀fẹ́”. N kò lè gbà. Ìyá kejì ń gba owó lórí ìgò rẹ̀, kò sì ba àdéhùn kankan jẹ́. Ó ṣe tán, nítorí àṣìgbọ́ yìí gan-an ni àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dá a sílẹ̀: orúkọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ni free software, “free” sì lè jẹ́ òmìnira, ó lè jẹ́ ọ̀fẹ́, gbogbo ènìyàn sì ń rò pé owó ni wọ́n ń sọ, títí Christine Peterson fi dábàá open source ní oṣù kejì 1998. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀fẹ́ lónìí ń dá wọn padà sínú kòtò tí wọ́n ti jáde.

Àwọn mìíràn ń kọ “àṣípayá”. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ohun tí a bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a ń ṣí payá, bí àṣírí tàbí bí ìran tí wòlíì rí. Ta ló bo Linux mọ́lẹ̀ rí?

Èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú wọn ni “ajùmọ̀ní”, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó gún ni, ẹni tó sì kọ́kọ́ fi hàn mí mọ èdè jù mí lọ. Síbẹ̀ ó ń ṣini lọ́nà níbi tó ṣe pàtàkì jù. Ohun ajùmọ̀ní kò ní ẹnì kan pàtó tó ni ín. Bí igbó tí ìlú jọ ń dá igi níbẹ̀ ló rí. Linux ní àwọn tó ni ín, wọ́n tilẹ̀ pọ̀: olúkúlùkù ẹni tó kọ apá kan níbẹ̀ ló ṣì ni ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ó kọ, nítorí pé ó ni ín ló sì ṣe lágbára láti fi àdéhùn lé e lórí. Bí ẹ bá mú ohun-ìní kúrò, ẹ ti mú ìwé àṣẹ kúrò pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó bá wù sì lè fa ìwé ara ìgò ya.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ “àkọsílẹ̀ gbangba”, tí n kò sì ní yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Gbangba kò sọ ẹni tó ni nǹkan, kò sì sọ iye tí wọ́n ń tà á. Ibi tí nǹkan náà wà ló sọ, ìyẹn ibi tí gbogbo ojú ti lè tó o. A ń dá ẹjọ́ ní gbangba, a ń pín ogún ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n yí òun lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì hàn tán, gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan takò mí pé gbangba sọ pé a lè rí i, kò sọ pé a lè tún un ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sọ ọ́. Ìwé àṣẹ ló ń sọ ọ́, iṣẹ́ orúkọ kò ju kí ó mú wa dé ẹnu ọ̀nà lọ. Ní ti operating system, irú ètò tí Linux jẹ́, “ètò ìṣiṣẹ́” ti tó, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan láptọ́ọ̀pù àgbà ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Àwọn kan wà nínú tòkunbọ̀ tí a ń rà ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ìtìlẹ́yìn tí Windows 10 ń rí gbà parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ, èyí tí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní 2012 kò ní. Ìyá àkọ́kọ́ ti kó kúrò ní àdúgbò nìyẹn. Ṣùgbọ́n nítorí pé àkọsílẹ̀ Linux wà ní gbangba, àwọn tó ń ṣe Linux Mint, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, lè mú un, kí wọ́n fi ojú iṣẹ́ tó fúyẹ́ tí a mọ̀ sí Xfce sí i, kí wọ́n sì gbé ẹ̀dà kan jáde tí ara ẹ̀rọ àgbà lè gbà: RAM, ìyẹn àyè ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, 2GB ló kéré jù, 4GB ló sì dára, pẹ̀lú àyè 20GB lórí dísìkì.

Mo ṣe é fún àbúrò mi kan ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ní RAM 4GB, fáànù rẹ̀ sì máa ń han bí ẹni ń sunkún kí ojú rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ tán. A kọ́kọ́ kó àwòrán àti ìwé rẹ̀ sórí dísìkì àfẹ̀yìntì, nítorí pé ẹni tó bá fojú fo èyí yóò kábàámọ̀. A fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní Etcher kọ Mint sórí fláàsì 8GB, a tan ẹ̀rọ, a ń tẹ F12 léraléra, a sì mú fláàsì nínú ohun tó tò síwájú wa. Nígbà tí ojú ìwé Mint yọ, ó di ọwọ́ mi mú: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́?” Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, orí fláàsì ni gbogbo ohun tí ó ń rí wà, a kò tíì fọwọ́ kan dísìkì rẹ̀. Ó fi bíi wákàtí kan dán an wò kí ó tó gbà pé kí a tẹ ohun tí yóò fi í sórí ẹ̀rọ.

Ibi tí a ti há ni Wi-Fi, tí kò yọ rárá. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀yà Wi-Fi ẹ̀rọ náà kò fi àkọsílẹ̀ tirẹ̀ sí gbangba: ìgò tí kò ní ìwé lára ni. A ní láti fi wáyà so fóònù mọ́ ọn kí ó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a sì lọ gba ìgò náà bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe sé e. Gbogbo ohun yòókù, láti orí ojú ẹ̀rọ dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò yọ wá lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni mo fi ibi tí wọ́n ti ń yan irú bọ́tìnnì hàn án, tí Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà. Ó tẹ “ẹ”, ó tẹ “ọ”, ó tẹ “ṣ”, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Ẹnì kan tó mọ̀ pé a nílò bọ́tìnnì Yorùbá yìí ló kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ náà, nítorí pé àkọsílẹ̀ náà wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o. Fáìlì tí wọ́n ń kọ ìtumọ̀ sí wà níbẹ̀ bákan náà, ẹni tó bá sì rí ìtumọ̀ tó wọ́ lè tún un kọ kí ó fi ránṣẹ́. Ibi tí mo bá ti bá “orísun ṣíṣí” nínú wọn, “àkọsílẹ̀ gbangba” ni mo máa fi ránṣẹ́.